Bí A Ṣe Ń Fi Bíbélì Yẹ Ètò Tẹlifíṣọ̀n Nípa Ìkẹyìn Ọjọ́ Wò

Nínú ètò tẹlifíṣọ̀n tó ń sọ nípa ìkẹyìn ọjọ́, ẹsẹ Bíbélì kì í pẹ́ lójú amóhùnmáwòrán. Á yọ, oníwàásù á ka ìdajì rẹ̀, àwòrán ogun tàbí ilẹ̀ ríri á bò ó mọ́lẹ̀, ètò á sì ti tẹ̀ síwájú kí ẹni tó ń wò tó ṣí ibẹ̀. Jésù ń padà bọ̀. Gbogbo ìjọ Kristi ló jẹ́wọ́ èyí, àwa náà sì gbà á tọkàntọkàn. Nítorí pé òtítọ́ ni, kò yẹ kí a fi í sílẹ̀ fún ẹni tó mọ fíìmù ṣe ju bó ṣe mọ Ìwé Mímọ́ kà lọ.

Ọ̀nà tí a là sílẹ̀ níbí wúlò fún fíìmù, fún ìwàásù orí tẹlifíṣọ̀n, fún fídíò YouTube, àti fún èyí tí wọ́n gé kúkúrú tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹnì kan lè dá a ṣe nílé, ẹgbẹ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì sì lè ṣe é pa pọ̀. Fún ètò ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ ya wákàtí méjì sọ́tọ̀. Ohun tí ẹ ń wá ni bí ẹ ó ṣe ya ohun tí a kọ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n fi kún un.

Ẹ ka ìwé kí ẹ tó wo àwòrán

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn wo fíìmù tán kó tó ṣí Bíbélì. Àwòrán á ti wọlé sọ́kàn, gbogbo ẹsẹ tó bá sì kà lẹ́yìn náà á máa jọ àwòrán yẹn. Ẹni tó ti rí aṣọ òfìfo lórí ìjókòó bàálù kì í rọrùn fún un mọ́ láti ka Tẹsalóníkà kìn-ín-ní orí 4 kí ìjókòó yẹn má yọ sí i lójú.

Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ẹ ka ìwé Tẹsalóníkà méjèèjì, wọn kò gùn, orí 8 ni gbogbo wọn. Ẹ ka Mátíù 24 àti 25 papọ̀, ẹ má gé wọn sọ́tọ̀. Ẹ ka Dáníẹ́lì orí 7 sí 9. Lẹ́yìn náà, ẹ ka Ìfihàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, orí 22, kí ẹ sì kà á sókè ní ìjókòó kan bí ẹ bá lè ṣe é. Ó gba nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀. Ìwé náà fúnra rẹ̀ ló fẹ́ kí a kà á bẹ́ẹ̀: orí 1 ẹsẹ 3 súre fún ẹni tó ń kà á àti fún àwọn tó ń gbọ́ ọ. Ẹni tó bá gbọ́ ọ láìdánu dúró á kíyè sí ohun kan tí tẹlifíṣọ̀n kì í fi hàn, pé orin ìyìn kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Àwọn alàgbà mẹ́rìnlélógún ń kọrin, àwọn tó wọ aṣọ funfun ń kọrin, gbogbo ẹ̀dá ń kọrin sí Ọ̀dọ́-Àgùntàn. Nínú fíìmù, ẹranko náà ló máa ń gba gbogbo àyè.

Ó tún dára kí ẹ mọ ibi tí ìtàn tí ọ̀pọ̀ fíìmù wọ̀nyí ń tẹ̀ lé ti wá. Bí wọ́n ṣe máa ń tò ó nìyí: Jésù á kọ́kọ́ gba àwọn tirẹ̀ sókè ní ìkọ̀kọ̀, ìpọ́njú ọdún méje á tẹ̀ lé e, Aṣòdì-sí-Kristi á jọba, ogun Amágẹ́dọ́nì á jà, ẹgbẹ̀rún ọdún ìjọba Kristi á sì wá bẹ̀rẹ̀. Kò sí orí kan ṣoṣo nínú Bíbélì tó to gbogbo rẹ̀ báyìí. Inú Dáníẹ́lì, Ìsíkíẹ́lì, Mátíù, ìwé Pọ́ọ̀lù àti ti Jòhánù ni wọ́n ti ṣà á jọ bí ẹni tó ń rán àjákù aṣọ oríṣiríṣi pọ̀. Àjákù aṣọ náà lè jẹ́ ojúlówó. Ẹni tó rán an ló pinnu ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ́ sí. John Nelson Darby, oníwàásù kan tó ṣiṣẹ́ ní Ireland àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló tan irú ètò yìí ká láti àwọn ọdún 1830. Ní 1909, C. I. Scofield gbé Bíbélì kan jáde ní Amẹ́ríkà tó ní àlàyé tirẹ̀ lójú ìwé kan náà pẹ̀lú ẹsẹ, ó sì ṣòro fún ọ̀pọ̀ òǹkàwé láti rántí pé ọ̀tọ̀ ni àlàyé, ọ̀tọ̀ ni ẹsẹ. Fíìmù A Thief in the Night, tí wọ́n yà ní ìpínlẹ̀ Iowa, gbé e wọ gbọ̀ngàn ìjọ ní 1972. Ìwé ìtàn Left Behind àkọ́kọ́ jáde ní 1995, wọ́n sì ti fi ṣe fíìmù ní 2000 àti ní 2014.

Ọ̀pọ̀ ìjọ ní Nàìjíríà, Deeper Life nínú wọn, ń kọ́ni pé ìgbàsókè á ṣáájú ìpọ́njú ńlá. Àwọn Kátólíìkì àti Áńgílíkà dúró lé bí Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ ṣe sọ ọ́, pé yóò padà wá ṣe ìdájọ́ alààyè àti òkú, wọn kì í to àkókò rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ bẹ́ẹ̀. A kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí. Ẹ kàn mọ̀ pé ìtumọ̀ kan láàárín ọ̀pọ̀ ni ẹ jókòó wò.

Bí ẹ ó ṣe jókòó wò ó

Ẹ wá ìwé ìkọ̀wé kan, báírò aláwọ̀ méjì, aago, àti Bíbélì Yorùbá méjì, ọ̀kan nínú ẹ̀dà àtijọ́, ọ̀kan nínú ẹ̀dà òde òní. Ẹ fa ìlà sójú ìwé kó pín sí mẹ́ta. Ẹ kọ ìṣẹ́jú tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí apá òsì, ohun tí wọ́n sọ tàbí tí wọ́n fi hàn sí àárín, ẹsẹ tí wọ́n tọ́ka sí sí apá ọ̀tún. Bí wọn kò bá tọ́ka sí ẹsẹ kankan, ẹ fi apá ọ̀tún sílẹ̀ ní òfìfo. Ibí yìí ni àwọn tó mọ Bíbélì dáadáa ti máa ń kùnà: wọ́n á fi ẹsẹ tí àwọn fúnra wọn rántí dí àlàfo náà, wọ́n á ti bá oníwàásù parí iṣẹ́ tí òun kò ṣe.

Bí ẹ bá jẹ́ méjì, kí ẹnì kan máa kọ, kí ẹnì kejì máa ṣí ẹsẹ. Ètò tó ń lọ lọ́wọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n kò ṣeé dá dúró, nítorí náà ìṣẹ́jú àti ẹsẹ nìkan ni kí ẹ kọ, ẹ má ṣí Bíbélì nígbà tó ń lọ. Ní ti fídíò, ẹ fi pamọ́ sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ṣáájú kí dátà má bàa tán ní àárín rẹ̀, kí ẹ sì dá a dúró ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Lẹ́yìn tí ẹ bá wò ó tán lẹ́ẹ̀kan, ẹ padà sí ibi tó bà yín lẹ́rù jù. Ẹ pa ohùn, kí ẹ wo ìṣẹ́jú méjì láìgbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ẹ dojú fóònù délẹ̀, kí ẹ gbọ́ ìṣẹ́jú méjì kan náà láìrí àwòrán. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ ó rí i pé ìlù àti àwòrán ló dá ẹ̀rù náà sílẹ̀, àti pé bí ìlù bá kúrò, ọ̀rọ̀ tó kù kò pọ̀. Ẹ kọ ohun tó kù sílẹ̀. Òun ni ẹ fẹ́ fi Bíbélì wọ̀n.

Nísinsìnyí, ẹ mú báírò kejì. Ẹ kọ K síwájú ohun tí a kọ sínú Bíbélì gan-an, T síwájú ìtumọ̀ tí a lè rí ìdí rẹ̀ nínú Ìwé Mímọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn mìíràn kò gbà á, àti F síwájú ohun tí wọ́n fi kún un pátápátá. Oníwàásù lè tọ́ka sí ogún ẹsẹ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ má gbìyànjú láti yẹ gbogbo wọn wò ní ìjókòó kan, nítorí ó máa ń rẹ ènìyàn, ẹni tó bá sì rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbà láìwádìí. Ẹ mú márùn-ún tí gbogbo ètò náà dúró lé. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ka ẹsẹ mẹ́wàá tó ṣáájú àti mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e, kí ẹ sì bèèrè: ta ni a kọ́kọ́ kọ ọ́ sí, kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn, kí ni ọ̀rọ̀ náà sọ pé kí wọ́n ṣe? Ìjọ méje ní Éṣíà, ní ibi tí a ń pè ní Tọ́kì lónìí, ni a kọ Ìfihàn sí. Ìtumọ̀ tí kò lè ní ìlò kankan fún àwọn yẹn, ẹ fura sí i.

Ìgbàsókè

Ẹ fi èyí bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni fíìmù fẹ́ràn jù. Gbogbo nǹkan á dákẹ́ rọ́rọ́, ènìyàn á pòórá, aṣọ àti gíláàsì ojú á kù sórí ìjókòó, mọ́tò tí kò ní awakọ̀ mọ́ á forí sọ ara wọn.

Ẹ ṣí Tẹsalóníkà kìn-ín-ní 4:13-18. Olúwa fúnra rẹ̀ yóò sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú igbe, pẹ̀lú ohùn olórí àwọn áńgẹ́lì, pẹ̀lú ìpè Ọlọ́run. Àwọn òkú nínú Kristi yóò kọ́kọ́ jíǹde, a ó sì gba àwọn alààyè pẹ̀lú wọn sínú àwọsánmà láti pàdé Olúwa. Gbogbo èyí, K. Aṣọ tó kù sílẹ̀, F. Bàálù tó já, F. Pé ó ṣẹlẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, T ni kí ẹ kọ, nítorí àwọn tó ń kọ́ni bẹ́ẹ̀ ní ìdí tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé igbe àti ìpè wà nínú ẹsẹ 16. Wọ́n tún máa ń mú “bí olè ní òru” wá láti orí 5 ẹsẹ 2. Ẹ má dúró níbẹ̀, ẹ ka ẹsẹ 4: Pọ́ọ̀lù sọ fún àwọn ará pé wọn kò sí nínú òkùnkùn tí ọjọ́ náà yóò fi dé bá wọn bí olè.

Àwọn ètò kan á wá gbé Mátíù 24:40-41 lé e, ẹni méjì lóko, a mú ọ̀kan, a fi ọ̀kan sílẹ̀. Ka ẹsẹ 37 sí 39 ṣáájú rẹ̀. Ọjọ́ Nóà ni Jésù ń sọ, àwọn tí ìkún omi gbá lọ sì ni àwọn tó ṣègbé. Nítorí èyí, àwọn kan gbà pé ẹni tí a fi sílẹ̀ ló rí ìgbàlà. Àwọn mìíràn wo ẹsẹ 31, níbi tí àwọn áńgẹ́lì ti kó àwọn àyànfẹ́ jọ, wọ́n sì gbà pé ẹni tí a mú ló rí i. T ni fún méjèèjì. Ẹni tó bá sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé kò sí ìtumọ̀ mìíràn kò sòótọ́ fún yín.

Kókó tí wọ́n sábà máa ń fò wà ní Tẹsalóníkà kìn-ín-ní orí 4, ẹsẹ 13 àti 18. Àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ ni Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí. Èèyàn wọn ti kú, wọ́n sì ń dààmú pé àwọn òkú yìí á pàdánù bíbọ̀ Olúwa. Ó parí rẹ̀ báyìí: ẹ fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tu ara yín nínú. Ẹ kọ ìbéèrè kan sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé yín: bí opó tó sin ọkọ rẹ̀ ní oṣù tó kọjá bá wo ètò yìí, ṣé yóò rí ìtùnú? Tí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, a ti lo ẹsẹ náà fún ohun tí a kò tìtorí rẹ̀ kọ ọ́.

Àmì ẹranko náà

Ìfihàn 13:16-18, tó sọ nípa àmì ẹranko náà lọ́wọ́ ọ̀tún tàbí níwájú orí àti nọ́ńbà rẹ̀, 666, ló fa ìbẹ̀rù jù nínú gbogbo rẹ̀, ó sì ti mú kí ọ̀pọ̀ Kristẹni ba ara wọn jẹ́ lásán. Lẹ́yìn tí kóòdù onílà wọ ilé ìtajà ní Amẹ́ríkà ní 1974, wọ́n ní òun ni. Wọ́n ní Ronald Wilson Reagan, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan, ni ẹranko náà nítorí orúkọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà mẹ́fà. Ó kan tíńtín ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ, ó kan abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó kan 5G. Ní 2020, àwọn ènìyàn dáná sun òpó fóònù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa 5G àti kòrónà. Ní oṣù kẹta 2021, Ofcom, àjọ tó ń mójú tó tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀, bu £125,000 ìtanràn lé ìkànnì Loveworld nítorí ọ̀rọ̀ tí kò tọ̀nà tó lè ṣe ìpalára nípa kòrónà nínú ètò àdúrà kan. Àwọn Yorùbá tó wà ní London mọ ìkànnì yẹn dáadáa.

Bí ẹnì kan bá sọ fún yín nísinsìnyí pé BVN tàbí NIN ni àmì náà, ẹ gbé e gba ọ̀nà mẹ́ta yìí.

Àkọ́kọ́, ẹ wá ìjọsìn. Nínú Ìfihàn 13:15 àti 14:9, ìjọsìn ẹranko náà àti ère rẹ̀ ló ń bá àmì náà rìn. Kò sí ibì kankan tí ẹnì kan ti ṣèèṣì gbà á láìmọ̀, ní báńkì tàbí ní ilé ìwòsàn. Ètò tó bá sọ pé ènìyàn lè sùn jí kó rí i pé òun ti ní i, F.

Ìkejì, ẹ ka orí 7 ẹsẹ 3 àti orí 14 ẹsẹ 1. Àmì méjì ló wà nínú ìwé náà. Àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run náà ní èdìdì níwájú orí, orúkọ Ọ̀dọ́-Àgùntàn àti ti Baba rẹ̀ ni a kọ síbẹ̀. Orí 14 tẹ̀ lé orí 13 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, Jòhánù sì gbé wọn kojú ara wọn. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ tó ṣeé fojú rí túmọ̀ àmì kìn-ín-ní, ẹ bi wọ́n pé irú ẹ̀rọ wo ni èkejì. Nínú àwọn ètò tó ń sọ nípa àmì ẹranko náà, ẹ ó rí i bí ó ti ṣọ̀wọ́n tó kí wọ́n dárúkọ èdìdì yìí rárá, ó sì dùn wá, nítorí ìtùnú ńlá ni fún ẹni tí ẹ̀rù ń bà.

Ìkẹta ni nọ́ńbà. Àwọn ẹ̀dà àfọwọ́kọ àtijọ́ kan kọ 616 dípò 666. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹ̀dà òrépèté tí a ń pè ní Papyrus 115. Irenaeus, bíṣọ́ọ̀bù kan ní ọ̀rúndún kejì, ti mọ̀ nípa ìyàtọ̀ yìí, ó sì ti kìlọ̀ nígbà náà pé kí a má kánjú fi orúkọ ẹnikẹ́ni dí i. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé rí i pé bí a bá fi lẹ́tà Hébérù kọ orúkọ Késárì Nérò, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 666, bí a bá sì kọ ọ́ bí àwọn ará Róòmù ṣe ń pè é, ó di 616. T ni kí ẹ kọ fún èyí náà. Ẹni tó bá fẹ́ mú orúkọ ẹni kan tó wà láàyè lónìí bọ̀ ọ́, F.

Ẹ tún wò ó dáadáa pé ọ̀rọ̀ náà Aṣòdì-sí-Kristi kò sí nínú Ìfihàn rárá. Inú Jòhánù kìn-ín-ní 2:18, 2:22 àti 4:3, àti Jòhánù kejì ẹsẹ 7 nìkan ló wà, Jòhánù sì sọ níbẹ̀ pé púpọ̀ nínú wọn ti dé ná. Ẹni tí fíìmù ń fi hàn bí olóṣèlú arẹwà tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ jẹ́ àkópọ̀ ẹranko inú Ìfihàn 13, ọkùnrin ẹ̀ṣẹ̀ inú Tẹsalóníkà kejì orí 2, àti ọ̀rọ̀ Jòhánù yìí. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan náà ni wọ́n. T.

Àwọn tó kù, ní kúkúrú

Ọdún méje: Ìfihàn kò sọ pé ìpọ́njú náà á jẹ́ ọdún méje. Ohun tó sọ ni oṣù 42 (11:2 àti 13:5), ọjọ́ 1,260 (11:3 àti 12:6), àti ìgbà kan, àwọn ìgbà, àti ààbọ̀ ìgbà (12:14). Bí oṣù bá jẹ́ ọgbọ̀n ọjọ́, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọdún mẹ́ta ààbọ̀. Ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn inú Dáníẹ́lì 9:27, tí wọ́n ka ọjọ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọdún kan, ni wọ́n fi sọ ọ́ di méje. T.

Eéṣú inú Ìfihàn 9: wọ́n ní hẹlikópítà ni. Ẹ fi wé Jóẹ́lì 1 àti 2, níbi tí Jòhánù ti rí àwòrán náà, ẹ sì kíyè sí i pé a sọ fún eéṣú wọ̀nyí kí wọ́n má fọwọ́ kan koríko, àwọn tí kò ní èdìdì Ọlọ́run nìkan ni kí wọ́n dá lóró fún oṣù márùn-ún. Hẹlikópítà wo ló ń wo iwájú orí ènìyàn kó tó yìnbọn? F.

Gọ́ọ̀gù, olórí Méṣékì àti Túbálì inú Ìsíkíẹ́lì 38: wọ́n ní Méṣékì ni Moscow, nítorí pé ohùn wọn jọra. Àkọsílẹ̀ àwọn ará Ásíríà fi Méṣékì àti Túbálì sí ilẹ̀ tí a ń pè ní Tọ́kì lónìí. F.

Amágẹ́dọ́nì: ẹ̀ẹ̀kan péré ni orúkọ náà wà nínú Bíbélì, Ìfihàn 16:16, níbi tí a ti kó àwọn ọba jọ. Fíìmù máa ń fi wákàtí kan ja ogun náà. Nínú orí 19, idà tó ti ẹnu Kristi jáde ló parí rẹ̀, ìjà kò tilẹ̀ pẹ́.

Òṣùpá tó di ẹ̀jẹ̀: ẹ̀ẹ̀mẹrin ni òṣùpá wọ òjìji láàárín oṣù kẹrin 2014 àti oṣù kẹsàn-án 2015, àwọn oníwàásù orí tẹlifíṣọ̀n sì kéde pé ìyípadà ńlá dé tán. Ìṣe Àwọn Àpósítélì 2:16-20 ni kí ẹ kà: Pétérù lo ọ̀rọ̀ Jóẹ́lì yìí fún ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì.

Ìròyìn ogun àti ilẹ̀ ríri: Mátíù 24:6-8 sọ pé kí ọkàn yín má ṣe dààmú, pé òpin kò tíì dé. Ẹsẹ yìí gan-an ni wọ́n ń kọ sójú amóhùnmáwòrán láti fi dá ọkàn láàmú.

Nígbà tí wọ́n bá dá ọjọ́, tàbí tí wọ́n bá bèèrè owó

Àwọn ọmọlẹ́yìn William Miller, oníwàásù kan ní Amẹ́ríkà, dá 22 oṣù kẹwàá 1844 fún ìpadàbọ̀ Jésù. Harold Camping, ẹni tó ní ètò rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní Califóníà, dá oṣù kẹsàn-án 1994, ó tún dá 21 oṣù karùn-ún 2011, ó sì tún sún un sí 21 oṣù kẹwàá ọdún kan náà. Àwọn kan fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ná owó tí wọ́n fi pamọ́ sórí ìkéde rẹ̀. Ní 2012, Camping fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni bí òun ṣe dá ọjọ́. Máàkù 13:32 ti tó láti fi dáhùn wọn. Àwọn ọlọ́gbọ́n inú wọn kì í dá ọjọ́ mọ́, wọ́n á ní “ìran yìí kò ní kọjá” tàbí “kí ọdún yìí tó parí”. Ẹ kà á sí ọjọ́ dídá.

Ní ti owó, ẹ kọ ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ nọ́ńbà àkáǹtì sílẹ̀, àti ohun tó ṣáájú rẹ̀. Bí ìbẹ̀rù tó ga jù bá ṣáájú, tí nọ́ńbà àkáǹtì sì tẹ̀ lé e, ẹ fa ìlà sábẹ́ méjèèjì. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ètò kan ń ta oúnjẹ gbígbẹ inú ike fún ìgbà ìpọ́njú. Ẹ fi Tẹsalóníkà kejì 3:10-12 wọ̀n ọ́n, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti pàṣẹ fún àwọn tí kò ṣiṣẹ́ pé kí wọ́n fi ìdákẹ́jẹ́ ṣiṣẹ́, kí wọ́n jẹ oúnjẹ ara wọn. Ìwé tó sọ púpọ̀ nípa ọjọ́ Olúwa náà ló ní kí a lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé.

Àwọn ọmọdé

A kò gbà pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìlá wo fíìmù ìgbàsókè, a sì ń sọ èyí pẹ̀lú tẹnumọ́. Nínú àwọn kan, wọ́n ń bẹ́ orí àwọn tó kọ àmì náà. Ọmọ tó bá wò ó lè jí lóru, kó má rí ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, kó sì gbà pé a ti fi òun sílẹ̀. Àwọn kan ń lo fíìmù yìí ní òpin ìpàgọ́ àwọn ọmọdé kí ọ̀pọ̀ bàa lè jáde wá síwájú. Ìpinnu tí ìpayà bí kì í pẹ́, ó sì máa ń fi ẹ̀rù Ọlọ́run tí kò dára sílẹ̀ nínú ọmọ.

Bí ọmọ bá ti wò ó ná, ẹ má sọ pé kò sí nǹkan kan. Ẹ bi í pé apá wo ló bà á lẹ́rù, kí ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ẹ fi ibi tí òṣèré ti ń ṣeré hàn án, kí ẹ wá ka Jòhánù 14:1-3 àti ẹsẹ 18 fún un, níbi tí Jésù ti sọ pé òun kì yóò fi wọ́n sílẹ̀ ní aláìníbaba. Ẹ kà á lálẹ́ mélòó kan tẹ̀ léra, ẹ má kà á lẹ́ẹ̀kan kí ẹ fi sílẹ̀.

Bí ẹ bá ń darí ẹgbẹ́

Àríyànjiyàn lórí ìgbà tí ìgbàsókè á wáyé lè gba gbogbo ìrọ̀lẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ní ọjọ́ tirẹ̀, pé lónìí K, T àti F nìkan ni a ń wá. Bí olùṣọ́-àgùntàn yín bá ní ẹ̀kọ́ kan tí ìjọ dúró lé, ẹ bọ̀wọ̀ fún un, ẹ má fi ìpàdé yìí dojú kọ ọ́; T kì í ṣe ẹ̀gàn. Bí àgbàlagbà kan bá sọ pé “báyìí ni a ṣe kọ́ wa láti kékeré”, ẹ bẹ̀ ẹ́ pé “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ka ẹsẹ náà”, kí ẹ sì fún un ní Bíbélì. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kíkà sókè yẹn ń ṣe ju àlàyé yín lọ.

Bí fídíò bá wọ orí WhatsApp ẹgbẹ́ láìsí orúkọ ẹni tó ṣe é tàbí ọjọ́ tó jáde, ẹ má tan án ká títí ẹ ó fi rí odindi rẹ̀. Pọ́ọ̀lù ti mọ irú èyí: Tẹsalóníkà kejì 2:2 sọ nípa ìwé tó dà bí ẹni pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti wá, tó ń sọ pé ọjọ́ Olúwa ti dé, ó sì ní kí wọ́n má jẹ́ kó tètè mì wọ́n.

Ẹ fi ojú ìwé méjì tó kẹ́yìn nínú ìwé ìkọ̀wé yín sílẹ̀ fún àsọtẹ́lẹ̀ tó ní àkókò. Ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́, ìkànnì tí wọ́n ti sọ ọ́, ohun tí wọ́n ní yóò ṣẹlẹ̀, àti ìgbà tí wọ́n ní yóò ṣẹlẹ̀, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. Ẹ ṣí i ní ìparí oṣù kejìlá, kí ẹ kà á níwájú ẹgbẹ́ pẹ̀lú Diutarónómì 18:22. Ètò tí àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ kò ṣẹ, tí kò sì tọrọ àforíjì, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àwọn tí ẹ ó wò ní ọdún tó ń bọ̀.